Ìdí Tí Ẹnu Ọ̀nà Ilé Ẹ̀gà Fi Kọjú sí Ilẹ̀

Ìgbà kan wà láéláé tí àwọn ẹyẹ ẹ̀gà kì í gbé pọ̀. Olúkúlùkù ló ní igi tirẹ̀, bó sì ṣe wù ú ló ń kọ́lé.

Àwẹ̀ró, abo ẹ̀gà kan, fẹ́ yé ẹyin. Òjò ti gbá ẹyin rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ, nítorí náà kò fẹ́ ṣi ilé yàn mọ́. Akọ méjì ló fẹ́ fi í ṣe aya. Àjàgbé ń fi màrìwò ọ̀pẹ kọ́lé. Ìṣọ̀lá, àbúrò rẹ̀, ń fi koríko kọ́ tirẹ̀.

"Màrìwò le ju koríko lọ," ni Àjàgbé wí.

"Ṣùgbọ́n koríko ló máa rọ ẹyin lọ́rùn," ni Ìṣọ̀lá fèsì.

Àwẹ̀ró wo ilé méjèèjì. Ti Àjàgbé fẹ̀ bí agbọ̀n. Ti Ìṣọ̀lá ga, ó sì ní yàrá mẹ́ta. Kò mọ bí yóò ṣe fi wọ́n wéra.

"Ẹ kọ́ ilé kan náà fún mi," ó ní. "Yàrá kan, ẹnu ọ̀nà kan, àyè ẹyin méjì. Orí ọ̀pẹ kan ni kí ẹ kọ́ ọ sí, kí òjò kan náà pa méjèèjì. Ìgbà yẹn ni mo máa mọ èyí tó dára."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àjàgbé gbé ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ sókè, kí oòrùn lè máa wọlé. Ìṣọ̀lá kọ́ yàrá kan tán, àmọ́ kò lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún un. Ó tún so òdòdó pupa kan mọ́ ọn.

"Kí lèyí?" ni Àwẹ̀ró bi í.

"Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni. Mo fi ṣe ènì ni."

"Ta ló béèrè ènì lọ́wọ́ rẹ? Bí ilé yìí bá já bọ́, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá koríko ni kò lágbára, àbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wúwo jù?"

Àjàgbé rẹ́rìn-ín. "Àbúrò mi, o ò bá kúkú fi ilé ìdáná sí i."

Ìṣọ̀lá bẹ̀rẹ̀ sí í tú koríko náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, títí kò fi ku nǹkan kan. Àánú rẹ̀ ṣe Àwẹ̀ró. Ó já koríko tútù díẹ̀ wá, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìṣọ̀lá tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ó kọ́ òrùlé, ó kọ́ àyè ẹyin sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kí ó tó dí ìsàlẹ̀, òjò dé.

Nígbà tí òjò dá, Àwẹ̀ró ki orí bọ ilé Àjàgbé. Màrìwò náà kò já rárá, ṣùgbọ́n omi ti kún inú rẹ̀. Ó gba ìsàlẹ̀ wọ ti Ìṣọ̀lá. Àyè ẹyin gbẹ.

"N ò tíì parí rẹ̀," ni Ìṣọ̀lá wí. Kò lè wo ojú rẹ̀.

"Má dí i," ni Àwẹ̀ró dáhùn. "Bó ṣe wà yìí ni mo fẹ́ ẹ." Ó jókòó, ó sì yé ẹyin síbẹ̀.

Àjàgbé náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú tirẹ̀. "Àbúrò, báwo lo ṣe ṣe òrùlé yẹn?"

"Ẹ wá wò ó, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú màrìwò díẹ̀ dání. Koríko mi ti ń tú níbì kan."

Láti ọjọ́ náà ni àwọn ẹ̀gà ti ń kọ́ irú ilé kan náà lórí ọ̀pẹ kan, tí wọ́n ń lo koríko àti màrìwò, tí ẹnu ọ̀nà sì ń kọjú sí ilẹ̀. Bí ìyàwó bá yọjú wo inú rẹ̀ tí kò wù ú, ọkọ kì í jiyàn. Á tú u, á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè.