Aago Tí Kò Dákẹ́ ní Ibojì Ébẹ́lì Wínkómù

Ní ìlú Kọ́lídénì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún kan tí kùrukùru kò ká nílẹ̀, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ aago nínú ògiri ilé wọn, níbi tí aago kankan kò sí. Kì-kì-kì, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń fi èékánná kan pákó. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ nínú ilé kì í lò ju ọjọ́ mẹ́jọ lọ láyé. Oníbúrẹ́dì lọ, olùkọ́ lọ, obìnrin tó ń fọṣọ náà lọ. Ẹ̀rù ba tọmọdé tàgbà, àwọn mìíràn sì ti ń di ẹrù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìdílé Wínkómù kì í tètè sọ: ọwọ́ wọn ni ọ̀ràn náà ti wá. Alágbẹ̀dẹ aago ni wọ́n láti ìran baba ńlá wọn. Àṣà ìlú ni pé bí èèyàn bá kú, kí wọ́n dá gbogbo aago ilé dúró títí wọn yóò fi sin ín. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún alágbẹ̀dẹ aago pé kó pa aago tó dára lẹ́nu mọ́? Nígbà tí Ébẹ́lì baba wọn kú, Jóòbù àkọ́bí rẹ̀ ní, "Aago Bàbá kò dúró rí, kò ní í dúró lójú mi." Ó fi kọ́kọ́rọ́ yí aago àpò baba rẹ̀ dáadáa, èyí tí ń fi ọjọ́ mẹ́jọ ṣiṣẹ́ kó tó dákẹ́, ó gbé e lé òkú láyà, ó fi kọ́kọ́rọ́ sí i lọ́wọ́, wọ́n sì sin ín bẹ́ẹ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ẹ́sítà, àbúrò Jóòbù, ni akọni tí mo ń wí. Ẹ́sítà ọlọ́wọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, obìnrin tí ń to kẹ̀kẹ́ aago tí ojú ẹlòmíràn kò rí. Lóṣù kejì tí wọ́n sin baba wọn, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Rúùtù, fi etí lé ògiri, ó ní, "Màmá, ta ló fi aago síbí?" Ẹ́sítà fi etí tirẹ̀ náà lé e, ó sì dá ìró náà mọ̀. Lẹ́yìn ìró keje, aago náà a máa falẹ̀ díẹ̀. Aago baba rẹ̀ nìkan ló ní àléébù yẹn.

Ọ̀sán gangan ló gbé ṣọ́bìrì lọ sí itẹ́ òkú. Àwọn ará ìlú dí ẹnu ọ̀nà mọ́ ọn. Àlùfáà ní, "Ẹ́sítà ọmọ mi, ẹni tó bá tú ibojì, òun ni yóò wọ inú rẹ̀!"

Ẹ́sítà dá wọn lóhùn pé, "Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin ará Kọ́lídénì. Àwa la yí kọ́kọ́rọ́ yẹn, a sì pè é ní ìfẹ́. A kò jẹ́ kí baba wa sinmi. Ọjọ́ mẹ́jọ aago náà tán, ó wá ń fi ọjọ́ tiyín ṣiṣẹ́. Ọmọ mi ló kàn báyìí. Bí ibojì yóò bá gbé mi, kó gbé mi."

Jóòbù gba ṣọ́bìrì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń sunkún, òun fúnra rẹ̀ ló wa ilẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣí pósí, òkú náà kò tíì rà. Ìka rẹ̀ di kọ́kọ́rọ́ mú, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀ nínú aago. Jóòbù figbe ta, ó sá lọ.

Ẹ́sítà kúnlẹ̀ sínú ihò. Ó ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ó tó gẹ́ẹ́." Ọwọ́ náà kò dúró. Ẹ́sítà ṣí ẹ̀yìn aago, ó fi ìka tẹ kẹ̀kẹ́ tí ń mì síwá sẹ́yìn nínú rẹ̀. Òtútù gun apá rẹ̀ dé èjìká. Àánú aago náà ṣe é, nítorí kò rí èyí tó dára tó o rí, síbẹ̀ kò gbé ìka rẹ̀ kúrò. Lẹ́ẹ̀kan náà ni gbogbo aago ìlú dákẹ́, ti ilé ìjọsìn pẹ̀lú. Òkú sì fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́jọ kọjá, Rúùtù ń jẹ, ó ń ṣeré. Ìka ìyá rẹ̀ ni kò móoru mọ́ títí ó fi darúgbó. Nígbà tí àkókò tirẹ̀ tó, ó ní kí wọ́n gbé aago òun wá, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá a dúró. Èyí di òfin fún gbogbo àgbà ìdílé Wínkómù. Aago mọ́kànlá ló wà lára ògiri ìsọ̀ wọn lónìí, tí kálukú dúró sí wákàtí tirẹ̀. Bí ọmọ wọn bá béèrè pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò tún wọn ṣe, wọn á ní, "Kò sí ohun tó bà jẹ́ lára wọn. Ẹni tó ni wọ́n ló ní kí wọ́n sinmi."