Ìkúnwọ́ Erùpẹ̀ Tí Ìjàpá Fi Tọrẹ

"Ọkọ mi, má fi erùpẹ̀ ilé wa tọrẹ."

Ọ̀rọ̀ tí Yánníbo sọ fún Ìjàpá gbẹ̀yìn nìyẹn, kó tó dákẹ́. Ìjàpá sin ín sí ẹ̀yìnkùlé, lẹ́bàá odò, níbi tí Yánníbo ti ní kó gbin kókò sí.

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ rèé o!

Àlọ̀, kó máa bọ̀!

Àlọ́ mi fò, ó fò, kò bà sí Páṣíà, kò bà sí Gíríìkì. Ẹ̀yìn ahun ló bà lé, níbi tí ilé wà.

Nígbà tí ẹranko ń jọba, Erin ni ọba Páṣíà. Àgbò ló ni Spátà, Àkùkọ ló ni Áténì. Ọmọ Gíríìkì ni àwọn méjèèjì. Wọn kì í rẹ́ àfi bí Erin bá ń bọ̀. Bí Erin bá ti pẹ̀yìn dà, Àgbò á kan Àkùkọ, Àkùkọ á fi ógan gún Àgbò.

Ààlà Páṣíà àti Gíríìkì ni Ìjàpá ń gbé. Lọ́jọ́ kan, Ẹtu, ońṣẹ́ Erin, dé.

"Ìjàpá, Kábíyèsí ń kí ọ. Ìkúnwọ́ erùpẹ̀ kan àti igbá omi kan ni wọ́n ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ẹni tó bá mú un wá, ààfin ni yóò ti máa jẹun."

"Erùpẹ̀ lásán?"

"Erùpẹ̀ lásán."

"Ọba yín mà rọrùn-ún bọ́ o!"

Àpáta ló yí ilé Ìjàpá ká. Orí ibojì Yánníbo nìkan ni erùpẹ̀ ti rọ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ìkúnwọ́ kan ṣoṣo ni, ìyàwó mi." Ó bù ú, ó pọn igbá omi kan lódò, ó gbé wọn lọ fún Erin.

Láàárọ̀, ó ń jẹ iyán ní ààfin Erin. Lọ́sàn-án, ó wà ní Gíríìkì, ó ń búra níwájú Àgbò àti Àkùkọ: "Ọ̀tá Erin ni mí látinú ẹyin!" Wọ́n gbé mọ́ínmọ́ín fún un.

Erin kógun dé. Àkùkọ tàn án wọ ibi tí òkun ti tóóró. Ọkọ̀ Erin há síbẹ̀, ó sá lọ sílé. Ìjàpá ló kọ́kọ́ bẹ́ sójú agbo.

"A ti ṣẹ́gun!"

"Àwa wo?" ni Àkùkọ bi í.

Kò pẹ́, Àgbò àti Àkùkọ tún kọlu ara wọn: ta ni yóò ṣe olórí? Ìyà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Àgbò. Ta ló lọ bẹ̀ pé kó gba òun? Erin kan náà! Ní ààfin, ó rí àwọn òfìfo igbá tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri. Wọ́n ya ahun sára ọ̀kan.

"Kábíyèsí, ta ló ni èyí?"

"Ìjàpá, ẹrú mi. Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá fún ọba ní erùpẹ̀ àti omi, ilẹ̀ rẹ̀ àti odò rẹ̀ ló fi sílẹ̀ yẹn."

"Hà! Ọ̀tá yín ló pe ara rẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa!"

Àwọn ọ̀tá àná wo ara wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n jọ gba ilé Ìjàpá lọ.

"Jáde," ni Erin wí. "Ilẹ̀ mi ni."

"Má sì yà sọ́dọ̀ wa," ni Àgbò wí.

Ìjàpá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Kábíyèsí, ẹ máa mú odò lọ. Ẹ dá erùpẹ̀ nìkan padà. Orí ìyàwó mi ni mo ti bù ú."

Erin dáhùn pé, "Ó ti dà pọ̀ mọ́ ti ọgọ́rùn-ún ìlú, Ìjàpá. Ru ilé rẹ. Òun nìkan ni o kò tíì fi tọrẹ."

Ìdí nìyẹn tí ahun fi ń ru ilé kiri, tó ń rìn nílẹ̀, tó ń wẹ̀ lódò, tí kò sì ni ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Ibi tí àlọ́ mi sinmi sí rèé. Bí mo bá parọ́, ẹ dá ahun dúró lọ́nà, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Ìjàpá kò tíì rí erùpẹ̀ náà gbà padà. Kò tíì dí ihò tó bù. Kò tíì gbin kókò tí Yánníbo ní kó gbìn sẹ́bàá odò. Kò tíì bẹ ìyàwó rẹ̀.