Wúfà Tí Ojú Kò Rí

Ààlọ́ o.

Ààlọ̀.

Ẹ ò tíì jẹun ni? Ààlọ́ o.

Ààlọ̀.

Àlọ́ mi dún gbìm̀, ó mi ilẹ̀ tìtì. Kò balẹ̀ sórí ìjòyè, kò balẹ̀ sórí ìwọ̀fà, ẹ̀yìn Ìjàpá ọkọ Yánníbo ló balẹ̀ sí. Ẹ má tíì bi mí pé kí ló dé ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ sáà máa wo ọrùn rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìdáhùn wà.

Ní àkókò kan, gbogbo ẹranko ló ní mọ́tò. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ajá ní mọ́tò. Ìgalà ní mọ́tò. Ìgbín náà ní, kò kàn fi sáré ju bó ṣe máa ń rìn lọ ni. Inú búùtù mọ́tò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gbé wúfà sí, ìyẹn sípíkà ńlá tó máa ń ti bàsì, ìró orin tó wúwo tó ń mi ilẹ̀, jáde. Bí Ìkookò bá tan tirẹ̀ ní ìpẹ̀kun ìlú, àwo inú ilé Ìgalà á máa jó lórí pẹpẹ.

Erin ni ọba wọn. Erin kì í sì í fi etí nìkan gbọ́rọ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ náà ń gbọ́. Bí nǹkan bá dún gbìm̀ lọ́nà jíjìn, ilẹ̀ ló máa gbé e wá fún un. Kò sí wàhálà nínú ìyẹn tẹ́lẹ̀, àfi lọ́dún tí èékánná wọ ọba lẹ́ran ní ẹsẹ̀ ọ̀tún. Gbogbo bàsì tó bá dún nílùú, orí èékánná yẹn ló ń dún sí. Erin fara dà á fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ó pe ìlú jọ, ó ní sípíkà tí kọ́ńpìnnì dè mọ́ mọ́tò wá nìkan ni òun fẹ́ mọ́. Ohunkóhun tó bá ní wúfà nínú, òun yóò jókòó lé e.

Kò dárúkọ ìtanràn. Kò dárúkọ ẹ̀wọ̀n. Ó ní òun yóò jókòó lé e. Àwọn ẹranko wo ìdí ọba, wọ́n wo mọ́tò wọn, wọ́n rọra lọ tú wúfà.

Ìjàpá ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ó ní òfin náà ti pẹ́ jù. Ó ní kí wọ́n kó gbogbo wúfà tí wọ́n bá tú wá sílé òun, kí ojú ẹnikẹ́ni má baà tún wọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ ń ro Erin, ó ní kò burú. Kò pẹ́ tí wúfà fi ga bí òkìtì ọ̀gán lẹ́yìnkùlé Ìjàpá. Kò tún dúró lórí ìyẹn. Ó lọ bá Ọ̀bọ, tí ọba fi ṣe olùyẹ̀wò mọ́tò ní ẹnubodè, ó sọ ọ́ sí i létí pé Ọ̀kẹ́rẹ́ ṣì ní kékeré kan lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Òótọ́ ni. Ọba jókòó lórí mọ́tò Ọ̀kẹ́rẹ́, ó sì dìde. Ọ̀kẹ́rẹ́ ká mọ́tò rẹ̀ bí ẹní, ó gbé e sábẹ́ abíyá, ó lọ sílé.

Yánníbo bi ọkọ rẹ̀ pé kí ni èrè rẹ̀ nínú gbogbo èyí.

"Yánníbo," ni Ìjàpá wí, "bí gbogbo ìlú bá dákẹ́, ta ni wọ́n máa gbọ́?"

Ó wa mọ́tò rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Alántakùn. Alántakùn ni ríwáyà ìlú, òun ló ń tún wáyà àti iná mọ́tò ṣe lábẹ́ igi ọdán. Ọwọ́ mẹ́jọ ló ní, síbẹ̀ "ẹ padà wá lọ́la" ló máa ń sọ fún gbogbo èèyàn. Ìjàpá ṣàlàyé ohun tó fẹ́. Ó fẹ́ bàsì, àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá wo inú mọ́tò, kó dà bí ìgbà tí kọ́ńpìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ tì í jáde.

Alántakùn mọ iṣẹ́ náà dunjú. Ó mú wúfà pẹlẹbẹ kan wá, kò nípọn ju àkàrà méjì tí wọ́n gbé léra lọ. Ó ní abẹ́ ìjókòó awakọ̀ ló máa wọ̀, aṣọ ojú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti kọ́ńpìnnì, bátìrì kò sì ní mọ̀ pé àlejò dé. Kò ní pariwo. Àyà ẹni tó jókòó lé e nìkan ló máa gbọ́ ọ. Ilẹ̀ kò ní gbọ́.

Ìjàpá bèèrè bóyá ó lè mú àwo Ìgalà jó. Alántakùn ní rárá. Ó bèèrè bóyá ó lè jí Ìkookò lójú oorun. Alántakùn ní kò lè jí eṣinṣin.

"Ọ̀gá ríwáyà, bó bá jẹ́ pé èmi nìkan ló máa gbọ́ ọ, ṣé mi ò wulẹ̀ ní kọrin sínú ni?"

Ó nàka sí wúfà Ìkookò tó gbé wá láti ẹ̀yìnkùlé. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó ẹnu odó. Alántakùn fi okùn ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Kò wọ abẹ́ ìjókòó. Kò wọ ilẹ̀kùn. Bó bá sì dé búùtù, ojú kìíní ni Ọ̀bọ máa rí i. Ó ní kò sí ihò tí kọ́ńpìnnì dá tó lè gbà á.

Ìjàpá ronú títí. Ó wá yí ẹ̀yìn pa dà sí ríwáyà.

"Kọ́ńpìnnì tó ṣe èmi ńkọ́?"

Alántakùn wo ẹ̀yìn náà. Ó le, ó tẹ̀ kọrọdọ, ó dé yíká. Ó kàn án wò, ó dún gbìm̀. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣe ríwáyà, kò rí àpótí bàsì tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó sọ bẹ́ẹ̀. Ó wá fi kún un pé, "Àmọ́ ẹ̀gbọ́n, àpótí wúfà kì í ní orí."

Ìjàpá ní kó máa ṣiṣẹ́.

Wọ́n ki wúfà bọ̀ ọ́ lẹ́yìn, wọ́n fa wáyà gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, gba abẹ́ ìjókòó, gba abẹ́ Ìjàpá fúnra rẹ̀. Nígbà tó dé ẹnubodè, Ọ̀bọ ṣí búùtù, táyà ìpààrọ̀ nìkan ló bá níbẹ̀. Ó gbọ́n kápẹ́ẹ̀tì. Ó kan ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó gbóòórùn abẹ́ ìjókòó. Kò sí nǹkan kan. Ó ní ó kù díẹ̀ káàtó, ẹ̀yìn Bàbá Ìjàpá ga ju ti àná lọ.

"Àgbà ló ń dé, ọmọ mi," ni Ìjàpá fi fèsì, Ọ̀bọ sì yà fún un.

Ó dé àárín ìlú, ó tan orin. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa gbè é:

Ẹ yẹ mọ́tò mi wò.
Gbìm̀, gbì-gbìm̀.
Ẹ ṣí búùtù rẹ̀ wò.
Gbìm̀, gbì-gbìm̀.
Bó ṣe kúrò ní kọ́ńpìnnì.
Gbìm̀, gbì-gbìm̀.
Gbogbo ìlú ti dákẹ́.
Gbìm̀, gbì-gbìm̀.
Èmi nìkan ni mo ń dún.
Gbìm̀, gbì-gbìm̀.

Àwo Ìgalà bọ́ lórí pẹpẹ. Ìkookò jí. Inú Ìjàpá dùn débi tí kò fi tètè mọ̀ pé nǹkan ń ṣe orí òun. Bí bàsì bá fà sẹ́yìn, orí rẹ̀ á wọlé. Bó bá tì síwájú, orí á yọ. Bó bá wọlé, kò rí nǹkan kan. Bó bá yọ, ó rí igi. Ó wọlé, ó yọ, igi ti sún mọ́ ọn. Bó ṣe ń wakọ̀ lọ nìyẹn, tó ń rí ìdajì ọ̀nà. Àwọn ẹranko rò pé ijó tuntun ni. Àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọrùn síwájú, wọ́n ń fà á sẹ́yìn, wọ́n ń tẹ̀ lé e.

Erin wà láàfin, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi gbígbóná. Omi náà mì. Èékánná náà ta á. Ọba dìde, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń mú un lọ.

Bí Ìjàpá ṣe rí i lókèèrè, ó pa orin. Ó ká ọwọ́ sórí itan bí ẹni tó ń gbàdúrà. Erin ní kí Ọ̀bọ yẹ mọ́tò wò. Ọ̀bọ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, ó ní bí kọ́ńpìnnì ṣe ṣe é ló ṣe wà.

"Kábíyèsí, ojú gbogbo ìlú ló rí i," ni Ìjàpá wí.

"Ojú kọ́ ló ń dùn mí," ni Erin wí. "Tan orin yẹn."

Ìjàpá tàn án, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ gan-an. Erin gbé ẹsẹ̀ lé iwájú mọ́tò, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó gbé e lé búùtù, kò gbọ́. Ó gbé e lé ẹ̀yìn Ìjàpá. Èékánná náà fò sókè.

"Ìjàpá, kí ló wà lẹ́yìn rẹ?"

"Ara mi ni, Kábíyèsí."

"Ara rẹ ló ń kọrin?"

Kò sí ẹni tó lè pa ẹ̀rín mọ́ra. Erin nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó rán wọn létí pé ohunkóhun ni òun wí, òun kò dárúkọ mọ́tò. Ibẹ̀ ni Ìjàpá ti mọ̀ pé ẹ̀yìn òun ni ọba fẹ́ jókòó lé. Ó dọ̀bálẹ̀ bí wáyà ṣe gùn mọ.

"Kábíyèsí, ẹ jọ̀ọ́, mọ́tò ni kí ẹ jókòó lé. Ó rọ̀. Ó ní ìrọ̀rí."

"Mọ́tò rẹ kò ṣẹ̀ mí," ni Erin wí.

Ìjàpá ké sí Alántakùn pé kó wá tú nǹkan yìí kíákíá. Alántakùn ní kó padà wá lọ́la.

Ọba jókòó.

Ẹ̀yìn Ìjàpá kò fọ́, nítorí kọ́ńpìnnì tó ṣe é kì í ṣe iṣẹ́ jákujàku. Wúfà ni kò rí ibi gbà. Ó bẹ́ jáde lójú ọrùn rẹ̀, ó yí gbirigbiri títí dé ẹsẹ̀ Ìkookò. Orí Ìjàpá wọlé wérẹ́. Erin dìde, orí náà yọ díẹ̀ láti wò bóyá ó ti tán. Kò tíì tán. Ọba ti ṣàkíyèsí pé bí òun bá jókòó, ẹsẹ̀ òun máa ń fúyẹ́. Ó tún jókòó. Orí wọlé. Ó dìde. Orí yọ. Ó jókòó. Títí tí oòrùn fi rọ̀ ni wọ́n ṣe é.

Yánníbo ló wa mọ́tò lọ sílé, ó ń fi sípíkà kọ́ńpìnnì gbọ́ ìròyìn.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé títí di òní, bí ẹ bá fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ gbìm̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjàpá, kíá ni orí rẹ̀ máa wọlé. Bó bá pẹ́ díẹ̀, á yọ ọ́ jẹ́jẹ́, á wò bóyá ọba ti dìde.

Ibi tí mo bá àlọ́ mi dé nìyí, mo pa á, mo yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Bí mo bá parọ́, kí bàsì ẹnu mi má dún mọ́. Bó bá sì jẹ́ òótọ́ ni mo sọ, kó dún lẹ́ẹ̀mẹta.

Gbìm̀. Gbìm̀. Gbìm̀.