Àgbá Dúdú Orí Òrùlé

Ìyá Fẹ̀hìntọ́lá ń ta oúnjẹ ní Ṣakí. Igi ló fi ń gbé omi ìfọ-àwo kaná, títí èéfín fi kó sí àyà àbúrò rẹ̀ tó ń bá a fọ àwo, tí ikọ́ sì dá a dùbúlẹ̀. Ìyá Fẹ̀hìntọ́lá da omi pa iná náà. Ó ní kí wẹ́dà kan, ẹni tó ń jó irin pọ̀, kun àgbá kékeré kan ní dúdú, kí ó gbé e sórí òrùlé, kí oòrùn lè máa mú omi gbóná fún un.

Inú bí baba onílé. "Àgbá yìí á ba òrùlé mi jẹ́! Omi wo lẹ̀gbin yìí fẹ́ mú gbóná? Padà sídìí igi, àbí kí o kó kúrò."

"Baba, mi ò ní dáná igi mọ́, mi ò sì ní kó. Bí a gúnyán nínú ewé, tí a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó."

Ó bu omi àgbá náà sínú abọ́, ó gbé e síwájú baba. Baba tọwọ́ bọ̀ ọ́, ó sì yára fà á yọ.

"Níbo ni wẹ́dà tó ṣe é fún ọ ń gbé? Èmi náà fẹ́ irú rẹ̀."

"Màá mú yín débẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fẹnu ara yín sọ pé mi ò ní kó."

Baba wo ọwọ́ rẹ̀ tó pọ́n. "O ò ní kó."