Onígẹdú Tí Kò Béèrè

Ọkùnrin kan ń bẹ ní ìlú kan tí ó súnmọ́ igbó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa ra gẹdú lọ́wọ́ àwọn onígbó, kí ó sì máa tà á fún àwọn tí ń la pákó. Kò lówó ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó mọ ìbéèrè jù wọ́n lọ. Bí wọ́n bá pe iye owó igi fún un, kì í fèsì lójú ẹsẹ̀. Yóò béèrè ẹni tí yóò sanwó fún àwọn agégi. Yóò béèrè bóyá owó ọkọ̀ wà nínú iye tí wọ́n pè. Yóò béèrè bóyá òun lè san apá kan kí òun san ìyókù nígbà tí òun bá tà á, àti bóyá òun àti olùrà mìíràn lè jọ lo ọkọ̀ kan. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “Adájọ́ ti dé, ẹ jẹ́ ká wá ìjókòó.” Òun náà a rẹ́rìn-ín, a sì máa bá ìbéèrè rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kan, wọ́n ń já gẹdú sílẹ̀ láti inú ọkọ̀. Ṣéènì tí wọ́n fi de àwọn igi náà já, igi ńlá kan sì yí wá lu àbúrò rẹ̀ tí ó dúró nítòsí rẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Àbúrò náà kú kí wọ́n tó rí igi náà gbé kúrò.

Láti ìgbà náà, bí ọkùnrin yìí bá gbọ́ ìró ọkọ̀ agbégẹdú, ọwọ́ rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mímí a sì ṣòro fún un. Kò lè lọ sí igbó mọ́. Oorun rẹ̀ di ségesège. Ó ń jágbe mọ́ ọmọ rẹ̀ lórí ohun tí kò tó nǹkan, lẹ́yìn náà a wọ yàrá lọ, a sì ti ìlẹ̀kùn. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ó hàn gbangba sí òun àti ìyàwó rẹ̀ pé bí nǹkan bá ń lọ báyìí, iṣẹ́ náà yóò bọ́, ilé náà kò sì ní pẹ́ tú.

Nọ́ọ̀sì kan ní ìlú náà sọ fún un pé àìsàn ni èyí, ó sì ní ìtọ́jú. Ó ní olùtọ́jú ọkàn kan wà ní ilé ìwòsàn ńlá, tí yóò máa jókòó tì í, tí yóò sì máa bá a sọ̀rọ̀ ní ọ̀nà tí ó kọ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀, títí ìrántí náà kò fi ní máa darí rẹ̀ mọ́. Ọkùnrin náà wọ aṣọ tí ó dára, ó lọ. Obìnrin tí ó wà nídìí ìforúkọsílẹ̀ sọ iye tí wọ́n ń gbà fún ìjókòó kan pẹ̀lú olùtọ́jú náà. Ó pọ̀. Ọkùnrin náà ní, “Ẹ ṣeun, mo dúpẹ́,” ó sì padà sílé.

Kò béèrè ohunkóhun. Ẹni tí kì í ra igi kan láìwádìí gba iye àkọ́kọ́ tí wọ́n pè fún ìlera ara rẹ̀, ó sì dá a ṣírò lọ́kàn pé títí ayé ni òun yóò máa san án. Ìtìjú ni ó fà á. Ó rò pé bí òun bá béèrè, wọn yóò sọ pé orí ọkùnrin yìí kò pé, kò sì tún lówó lọ́wọ́.

Nígbà tí ó délé, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ìtọ́jú àwọn olówó ni, kì í ṣe tiwọn.

Ìyàwó rẹ̀ ní, “Ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ máa lọ kó tó parí?”

“N kò bi wọ́n.”

“Ṣé èèyàn lè san án díẹ̀díẹ̀?”

“N kò bi wọ́n.”

“Ṣé olùtọ́jú kan ṣoṣo ló ń ṣe é níbẹ̀?”

“Ìyá Àdùnọlá, mo ní n kò bi wọ́n.”

Obìnrin náà wò ó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. “Baba Àdùnọlá, ká ní igi ni, ẹ̀ bá ti béèrè orúkọ ẹni tó gbìn ín. Ẹ ra ẹ̀rù, ẹ ò tiẹ̀ ná an.”

Ọkùnrin náà bínú. Síbẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, ó padà lọ sí ilé ìwòsàn náà.

Ìbéèrè rẹ̀ kò dùn mọ́ obìnrin ìforúkọsílẹ̀ nínú. “Bàbá, ibí kì í ṣe ọjà o.”

“Mo mọ̀, ọmọ mi. N kò ní kí ẹ dín in kù. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tí mo ń sanwó fún ni.”

Olùtọ́jú ọkàn náà gbọ́ ohùn wọn, ó pè é wọlé, ó sì dá a lóhùn. Ó ní ìtọ́jú náà lópin. Wọn yóò jọ fẹnu kò lórí ohun tí ó ń wá, wọn yóò sì máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá ṣiṣẹ́, kí ó sọ. Ó ní àwọn kan ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ òun, owó tiwọn kò tó ìdajì. Ó ní àwọn kan tí irú jàǹbá bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí máa ń jókòó pọ̀, wọ́n sì ń pín owó wákàtí náà san. Ilé ìwòsàn ní owó ìrànwọ́ fún ẹni tí owó tí ń wọlé fún un kéré, ṣùgbọ́n ti ọdún yẹn ti tán. Ọkùnrin náà béèrè nípa káàdì adójútòfò ìlera tí ó ní. Olùtọ́jú náà dáhùn pé kí ó bi àwọn tí ó fún un ní káàdì náà, kí ó má ṣe gba ọ̀rọ̀ òun nìkan. Ó bi wọ́n. Káàdì náà ń san owó oògùn, kì í san owó ìjókòó.

Ọ̀rọ̀ akọ́ṣẹ́ kò kọ́kọ́ tẹ́ ẹ lọ́rùn. “Ọmọ iṣẹ́ ni kó wá tọ́jú orí mi?”

“Bí ẹ bá gbà, èmi ni akọ́ṣẹ́ náà yóò máa jíhìn fún lórí gbogbo ìjókòó yín,” ni olùtọ́jú ọkàn náà sọ. Ọkùnrin náà gbà.

Owó náà ṣì ju agbára rẹ̀ lọ. Nítorí náà, ó lọ bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn onígẹdú, níbi tí ó ti ń tọ́jú owó láti ọjọ́ pípẹ́. Alága ní, “A máa ń yáni lówó ìsìnkú. A máa ń yáni lówó ìkọ́lé. Owó ọ̀rọ̀ sísọ, a ò tíì gbọ́ irú ẹ̀ rí.” Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, “Wá bá mi sọ ọ́, ìgò ọtí kan péré ni màá gbà.” Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin náà dúró títí ẹ̀rín wọn fi parí. Ó ní, “Ẹ yá mi lówó nígbà tí mo fẹ́ sin àbúrò mi. Owó tí mo ń wá báyìí, kí ẹ má baà sin èmi náà ni.”

Wọ́n yá a lówó náà.

Ìtọ́jú náà kò yára. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ó padà sílé tí ara rẹ̀ sì burú ju bí ó ti lọ. Ṣùgbọ́n àkókò dé tí ó tún dúró nínú igbó, tí ọkọ̀ gẹdú bẹ̀rẹ̀ sí í dún, tí ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀, tí kò sì sá. Ó ra igi tí ó wá rà. Ó ṣì ń sunkún àbúrò rẹ̀, àmọ́ ó ń sunkún bí ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀, kì í ṣe bí ẹni tí igi náà ṣì ń yí bọ̀ wá bá.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ iye owó ìtọ́jú ọkàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ẹ sì ti yí padà, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. N kò sọ pé kò wọ́n. Ó wọ́n. N kò sọ pé gbogbo ẹni tí ó bá béèrè ni yóò rí ọ̀nà; owó ìrànwọ́ a máa tán, káàdì a sì máa kọ̀. Ó yẹ kí àwọn ilé ìwòsàn máa sọ gbogbo ọ̀nà tí ó wà kí aláìsàn tó béèrè, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kì í sọ ọ́, ìdákẹ́jẹ́ wọn kò sì túmọ̀ sí pé ọ̀nà kò sí. Ẹ padà lọ. Ẹ bi wọ́n ìgbà tí yóò parí, ẹni tí ó lè ṣe é ní owó tí kò tó bẹ́ẹ̀, àti bí ẹ ṣe lè san án. Ẹ sọ ọ́ fún ẹgbẹ́ tí ẹ ń dáwó sí, kódà bí wọn yóò bá rẹ́rìn-ín. Bí ìdáhùn wọn kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ṣì lè kọ̀ ọ́. Nígbà náà, ẹ óò mọ ohun tí ẹ kọ̀.