Bámitálẹ́ àti Bọ́ọ̀lù Tí Kò Gbá

Ṣówándé, oníṣòwò gẹdú, ló kọ́kọ́ sọ bẹ́sìbọ́ọ̀lù di iṣẹ́ tí wọ́n ń gbowó oṣù lé lórí ní ìlú Ìdí-Aràbà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kejì á fi igi gbá a, á sì sáré láti orí òkúta kan dé òmíràn, títí yóò fi padà síbi tó ti gbéra, èyí tí wọ́n ń pè ní ilé. Ẹgbẹ́ tí èèyàn rẹ̀ bá délé jù ló borí.

Ògúngbèjà ni ààyò ìlú. Bó bá gbá bọ́ọ̀lù, á lọ sókè bí àṣá, ariwo á sì sọ. Àmọ́ bí ọ̀tá bá hán bọ́ọ̀lù náà kó tó balẹ̀, ẹni tó gbá a ti jáde nìyẹn, kò sì lè délé mọ́. Bámitálẹ́ ní tirẹ̀ kì í gbá a jìnnà; nígbà mìíràn kì í tilẹ̀ gbé igi sókè rárá. Ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é. Ṣówándé náà ti pinnu pé bí àwọn bá ti bá àwọn ará Òkè-Ṣẹ̀rẹ̀ díje tán, òun á yọ ọ́ kúrò.

Síbẹ̀, ohun kan ń rú u lójú. Ìgbàkígbà tó bá wo ilé, ẹsẹ̀ Bámitálẹ́ ló ń rí níbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje, ó pè é.

"Kí lò ń ṣe gan-an? N kì í gbọ́ ìró igi rẹ, ìwọ náà ni mo sì ń rí nílé."

Bámitálẹ́ dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, Baba. Ọwọ́ ẹni tó ń jù ú ni mò ń wò. Bó bá jù ú síbi tí kò yẹ, n kì í na igi sí i. Tó bá ṣì í jù lẹ́ẹ̀mẹrin, òfin ní kí n máa rìn lọ sórí òkúta àkọ́kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́."

"Ojú ò tì ọ́, kó o máa rìn níbi tí ẹgbẹ́ rẹ ti ń gbá bọ́ọ̀lù?"

"Ó ń tì mí, Baba. Àmọ́ ó wù mí kí n délé."

Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀ ní pápá ẹ̀yìn odi, ẹ̀bá ilé ni Ṣówándé gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sí, kó lè fojú ara rẹ̀ rí i.

Oòrùn ti ń wọ̀, ẹgbẹ́ méjèèjì ṣì wà ní ọgbọọgba, ó sì ku ẹgbẹ́ Ìdí-Aràbà nìkan láti gbá. Ògúngbèjà mú igi, ó fa agbára yọ, bọ́ọ̀lù sì gba ojú ọ̀run lọ. Àwọn èèyàn fò sókè, obìnrin ń tẹ́ aṣọ sílẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ará Òkè-Ṣẹ̀rẹ̀ kan ni bọ́ọ̀lù náà bọ́ sí. Ògúngbèjà jáde; síbẹ̀, ìdùnnú àwọn ará ìlú ò tíì rọlẹ̀.

Ó kan Bámitálẹ́. Bọ́ọ̀lù ń yà bàrá, kò sì na igi sí i. "Gbá a, ọ̀lẹ!" ni àwọn ará ilé rẹ̀ gan-an ń ké. Òógùn bò ó. Ṣówándé náà ti dìde láti pariwo kó tó tẹjú mọ́ bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀: lóòótọ́, ó yà. Ó rọra padà jókòó. Bọ́ọ̀lù kẹrin náà yà, Bámitálẹ́ fi igi lélẹ̀, ó sì rìn lọ. Àwọn tó tẹ̀ lé e gbá tiwọn díẹ̀díẹ̀, òun náà ń sún láti òkúta dé òkúta, títí ó fi sáré wọlé. Ṣówándé ló kọ́kọ́ dì mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ti borí.

Nígbà tí wọ́n padà dé ẹnubodè ìlú, Ògúngbèjà ni àwọn ará ìlú gbé sọ́rùn. "Káàbọ̀ o! Káàbọ̀!"

"Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀," ni Ògúngbèjà wí. "Ibo ni mo lọ tí ẹ fi ń kí mi káàbọ̀? N kò kúrò lójú kan lónìí. Bámitálẹ́ ló délé." Ó mú un lọ́wọ́, ó sì fà á síwájú.

Ṣówándé ò sọ̀rọ̀ àtiyọ Bámitálẹ́ kúrò mọ́. Òun ló wá fi ṣe ẹni tí yóò máa kọ́kọ́ mú igi. Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà Ìdí-Aràbà ti ń pa á lówe pé: A kì í kí ariwo káàbọ̀, ẹni tó dé là ń kí.