Òkété, Ọ̀mọ̀ràn Òkúta Ìpọ́n

Òótọ́ pọ́nńbélé ni o. Bí mo bá bù mọ́ ọn, kí ọ̀nà má gbà mí mọ́. Ẹfọ̀n kan ṣubú kú létí odò, ó sanra débi pé òjìji rẹ̀ ń kán òróró. Òkété rí i, ikùn rẹ̀ kígbe. Ṣùgbọ́n Ẹkùn ti ń pọ́n èékánná, Ìmàdò ti ń pọ́n eyín, lórí òkúta odò tí àwọn baba ńlá wọn ti ń lò títí àárín rẹ̀ fi jin bí àwo. Bí wọ́n bá pọ́n tán, egungun ni yóò kan Òkété.

"Bàbá Ẹkùn, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé orí òkúta ọmọdé yìí lẹ ń fìyà jẹ ara yín sí?"

"Ìwọ mọ òkúta?"

"Iṣẹ́ ìran wa ni! Ikùn rẹ̀ tó jin la fi ń mọ òkúta àgbà. Ohun tí wọ́n bá pọ́n lórí rẹ̀, ojú àpá rẹ̀ á wà níbẹ̀. Mo ní ojúlówó kan nílé."

Ó sáré wá yangí kan, ó gbẹ́ àárín rẹ̀, ó fi epo àti èédú kùn ún kó lè jọ arúgbó. Àwọn àgbààgbà gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ebi kì í jẹ́ kí àgbà wo nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n pọ́n, pọ́n, pọ́n. Èékánná Ẹkùn kú bí ìdí ṣíbí. Eyín Ìmàdò ò lè gé ẹ̀kọ mọ́.

"Ẹ jẹ́ n bá yín da ti ọmọdé yìí nù," ni Òkété wí. Ó gbé òkúta odò lọ sílé, ó fi pọ́n eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì títí òkúta fi ń ké, ó sì rì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé.

Nígbà tí awọ ẹfọ̀n ò gé, ta ni wọ́n bẹ̀? Òkété gé e. Ẹ̀dọ̀, tirẹ̀. Itan, tirẹ̀. Ahọ́n, ó ní ti ìyá òun ni, ìyá tó ti kú tipẹ́tipẹ́.

Ìmàdò fi ìbínú lọ wa èsúrú lẹ́yìn ilé Òkété. Òkúta kan bá ẹrẹ̀ jáde. Ó gbé e dé iwájú Ẹkùn.

Ẹkùn ní, "Ẹni tó bá sọ irú ẹni tó lo òkúta yìí kẹ́yìn ló ni ọkàn ẹfọ̀n."

Ojú Òkété ò kúrò lára ọkàn ẹran náà. Ó fọwọ́ pa ikùn òkúta láìwò ó. "Ìlà méjì, tínínrín. Eyín gígùn méjì lonítọ̀hún ní. Olóye gidi sì ni!"

"La ẹnu," ni Ẹkùn wí.

Eyín rẹ̀ bá ìlà náà mu rẹ́gí.

Ẹkùn ní kó fi òkúta náà pọ́n èékánná òun. "Ọjọ́ tó bá mú, ara rẹ la ó ti dán an wò."

Òkété bu omi sí i, ó ń pọ́n, ó ń làágùn. Ká ní ó ń sọ ṣáá pé kò tíì mú ni, ì bá wà láyé dòní.

Ìmàdò yínmú. "Òpùrọ́ yìí? Kò lè pọ́n abẹ́rẹ́."

"Èmi kẹ̀?" Òkété na èékánná náà sókè. "Wò ó dáadáa! Ó ti mú."

Ọlọ́gbọ́n tí ò lè dákẹ́, ẹran àwọn tó gọ̀ ni. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní ohun tó sọ kẹ́yìn nìyẹn.

"Ó ti mú."